Àwọn Tó Ń Wọn Ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé

Bí wọ́n bá dárúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé nínú kíláàsì ìtàn, ogun Kírìjì ló máa ń wá sí ọkàn gbogbo wa. A mọ̀ pé ọdún 1877 ni ogun náà bẹ̀rẹ̀, a mọ̀ pé ó di ọdún 1893 kí ó tó parí pátápátá, a sì lè dárúkọ Ògèdèǹgbé, Fábùnmi àti Látòósà láìwo ìwé. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀ ní ìlú kékeré yìí, tó wà láàárín àwọn òkè ní ààlà Ọ̀ṣun àti Èkìtì, ní ohun tó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́. Òṣùwọ̀n ni wọ́n fi ṣe é, òṣùwọ̀n tí wọ́n ń gbé ọmọ kọ́, pẹ̀lú káàdì kan tí ìyá ọmọ ń mú lọ sílé. Kò sí ìbéèrè lórí rẹ̀ nínú ìdánwò. Síbẹ̀, ẹni tó bá ń ronú láti fi ìtọ́jú ọmọdé àti ìdílé ṣe iṣẹ́ láyé kò lè rí ìtàn tó bá a mu ju ìyẹn lọ, ní ilẹ̀ Yorùbá tàbí níbòmíràn.

Báwo ni nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀? Kí a tẹ́tí sí orúkọ àwọn àgbà. Málọmọ́. Dúrójayé. Bánjókòó. Kúkọ̀yí. Rótìmí. Ẹ̀bẹ̀ ló pọ̀ nínú wọn. Obìnrin tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Kòsọ́kọ́ ti sin ọmọ títí ó fi ń sọ fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé pé kò sí ọkọ́ mọ́ nílé tí wọn yóò fi gbẹ́lẹ̀. Àbíkú ni wọ́n ń pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ọ̀run ni wọ́n sì ti ń wá ìdí rẹ̀. Lónìí a mọ̀ pé àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní sickle cell ló fà á nínú àwọn ìdílé kan. Ṣùgbọ́n ibà, èéyi, ikọ́ líle, ìgbẹ́ gbuuru àti àìjẹunrekánú kò jẹ̀bi tó kéré rárá. Nínú kíláàsì tiwa, Rótìmí kan ṣoṣo ló wà, orúkọ bàbá bàbá rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Àwọn orúkọ náà ń lọ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé ikú tó bí wọn ti dín kù.

Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé àwọn baba ńlá wa kò bìkítà. Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó, àwọn Yorùbá sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Agbẹ̀bí wà, ìyá àgbà wà, àgbo wà, bẹ́ẹ̀ ni ilé kún fún ẹni tí yóò gbé ọmọ pọ̀n. Ohun tí wọn kò ní ni ọ̀nà láti rí àìsàn kan kí ó tó di ńlá. Ilé ìwòsàn tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ pàápàá kò ní in. Ó dúró sí ojú kan, ó ń retí kí wọ́n gbé aláìsàn wá.

Irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀ ni Wesley Guild ní Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀. Ní ọdún 1956, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dé síbẹ̀. Dókítà àwọn ọmọdé ni. Kò pẹ́ tó fi rí i pé iṣẹ́ tí òun ń ṣe nínú wọ́ọ̀dù dà bí ẹni tó ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó ti lu. Wọ́n á gbé ọmọ tó ti rù kan egungun wá, wọ́n á tọ́jú rẹ̀, yóò gbádùn díẹ̀, yóò padà sílé, oúnjẹ àti àrùn tó gbé e wá tẹ́lẹ̀ yóò sì tún gbé e padà wá. Àwọn mìíràn kì í padà wá mọ́. Nígbà tí ìyá yóò bá fi mọ̀ pé ara ọmọ òun kò yá, ó ti tó oṣù mélòó kan tí ọmọ náà ti ń jó rẹ̀yìn.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti yé wa báyìí. Ọmú ìyá tó ọmọ fún nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Lẹ́yìn náà ẹ̀kọ mímu ni wọ́n ń fi kún un, ẹ̀kọ tí a fi omi pò kò sì ní èròjà tó ń mú ara dàgbà tó. Bí ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá tún bá ọmọ ní àkókò yẹn, kò sí ohun tó kù lára rẹ̀ tí yóò fi bá a jà. Dókítà obìnrin kan, Cicely Williams, ti kọ̀wé nípa irú àìsàn yìí láti Gold Coast, ilẹ̀ Gánà òde òní, ní àwọn ọdún 1930. Orúkọ tí àwọn Gà ń pè é ló lò, kwashiorkor: àìsàn tó ń mú ọmọ tí àbúrò ti gba ọmú mọ́ lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn pé dókítà yẹn kò fún àìsàn náà ní orúkọ tuntun láti Lọ́ńdọ̀nù. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá, wọ́n sì ti mọ ìdí àìsàn náà kí òyìnbó tó dé.

Morley kúrò nínú wọ́ọ̀dù. Ó mú Ìmẹ̀sí-Ilé fún ìwádìí, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ láti ọjọ́ ìbí títí wọn yóò fi pé ọdún márùn-ún. Ọmọ tí ara rẹ̀ yá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe aláìsàn nìkan. Ẹ jẹ́ kí a ro bí yóò ti rí lójú àwọn ará ìlú nígbà náà. Ta ní í gbé ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà? Àwọn ìyá gbé wọn wá. Ibẹ̀ ni kíníìkì àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Under-Fives Clinic, wá tàn kálẹ̀ láti Iléṣà dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè.

Káàdì náà ni n ó pẹ́ lórí rẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ kọjá ohun tí ojú kọ́kọ́ rí. Àpótí kéékèèké wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún oṣù kọ̀ọ̀kan títí ọdún márùn-ún yóò fi pé. Oṣù tí wọ́n bí ọmọ ni nọ́ọ̀sì ń kọ sínú àpótí tó bẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, nítorí náà kò ní máa ṣírò ọjọ́ orí ọmọ ní gbogbo ìgbà tó bá wá. Ní ẹ̀gbẹ́ káàdì ni ìwọ̀n wà. Ìlà méjì tó ń tẹ̀ gòkè gba àárín rẹ̀ kọjá, ó rí bí ọ̀nà, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pè é ní ọ̀nà ìlera. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbé ọmọ kọ́ òṣùwọ̀n, wọ́n á fi àmì kan sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí, wọ́n á sì fa ìlà láti àmì ti oṣù tó kọjá wá bá a. Bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà. Bí ìlà bá dùbúlẹ̀ fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, nǹkan kan ti ń ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ náà ṣì ń ṣeré nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ò sì rí ohunkóhun. Ojú lásán kò lè rí ọmọ tí kò dàgbà ní oṣù yìí, àmọ́ káàdì rí i.

Àyè kan tún wà lórí káàdì yẹn tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì ju ìlà lọ. Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń kọ ìdí tí ọmọ kan fi yẹ fún ìtọ́jú àkànṣe sí. Ṣé ìbejì ni? Ṣé ìyá rẹ̀ tàbí bàbá rẹ̀ ti kú? Ṣé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kú ṣáájú? Ṣé ọmọ tí ìyá ti bí ti pọ̀ jù? Kò sí èyí tó jẹ́ àrùn nínú àwọn ìbéèrè wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ ilé ni wọ́n. Nọ́ọ̀sì tó ń béèrè wọn ti mọ̀ pé ọmọ kì í dá wá sí kíníìkì, ilé rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé e wá.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ gbogbo èyí tán, wọ́n á fi káàdì náà sínú àpò ọ̀rá, wọ́n á sì fi lé ìyá lọ́wọ́. Ní àkókò yẹn, ilé ìwòsàn ló máa ń pa ìwé aláìsàn mọ́. Ó rọrùn láti rò pé obìnrin tí kò kàwé, tó ń lọ sóko, tó ń lọ sọ́jà, tó ń gbé nínú ilé tí òjò ń jò sí, yóò sọ ọ́ nù. Àwọn ìyá kò sọ ọ́ nù. Káàdì tó wà lọ́wọ́ wọn wà ní ìpamọ́ ju èyí tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn lọ, níbi tí ẹnì kan yóò ti wá fáìlì fún wákàtí kan kó tó sọ pé òun kò rí i. Ìyá tó gba káàdì yẹn kò tún jẹ́ ẹni tí wọ́n kàn ń pàṣẹ fún mọ́. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lè fi ìka tọ́ka sí ibi tí ìlà ti wálẹ̀ kí ó sì béèrè ìdí.

Ta ló wá ń ṣe iṣẹ́ náà? Kì í ṣe Morley. Dókítà kan ṣoṣo kò lè wọn gbogbo ọmọ, kò sì yẹ kó gbìyànjú. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń wọn ọmọ, tí ń wo èyí tí ara rẹ̀ kò yá, tí ń fún un ní oògùn, tí ń gún abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ń bá ìyá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ ní èdè tó gbọ́. Èyí tó bá ju agbára wọn lọ nìkan ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí dókítà. Nọ́ọ̀sì kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Margaret Woodland, ṣe iṣẹ́ ńlá níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Morley lórí àwọn ìwé ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde. Àwọn ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n di òṣùwọ̀n mú kò gbajúmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá ń sọ ìtàn Kírìjì náà, balógun là ń dárúkọ.

Ọ̀rọ̀ èéyi fi hàn bí iṣẹ́ wọn ti le tó. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà, èéyi ti di àìsàn tí ọ̀pọ̀ ọmọ ń ṣe tí wọ́n sì ń bọ́ nínú rẹ̀. Ní agbègbè Iléṣà ó ń pa ọmọ. Morley àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kọ̀wé lé e lórí títí àwọn dókítà òkè òkun fi gbà pé kì í ṣe àìsàn kékeré. Abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ kò tíì sí nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1963 ni wọ́n fọwọ́ sí i fún ìlò ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, fún àwọn ọdún kan, ohun tí nọ́ọ̀sì ní láti fi bá èéyi jà kò ju pé kí ọmọ lágbára kí àìsàn tó dé, kí ìyá má sì dáwọ́ oúnjẹ àti omi dúró nígbà tó bá dé.

Morley kúrò ní Iléṣà ní ọdún 1961. Ẹnì kan lè sọ pé bóyá ikú ìbá ti dín kù bákan náà láìsí kíníìkì, nítorí ọ̀nà mọ́tò ń ṣí, owó kòkó sì ń wọlé. Ìbéèrè gidi ni, wọ́n sì dáhùn rẹ̀. Ní àárín àwọn ọdún 1960, dókítà mìíràn, Nicholas Cunningham, fi Ìmẹ̀sí-Ilé wé ìlú kan nítòsí tí kò ní irú kíníìkì bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ Ìmẹ̀sí-Ilé kì í kú tó ti ìlú kejì, wọ́n sì dàgbà jù wọ́n lọ. Òkè kan náà, oko kan náà, èdè kan náà. Òṣùwọ̀n àti àwọn tó dì í mú ni ìyàtọ̀.

Mo fẹ́ fi ìtàn mìíràn ṣe àfiwé, nítorí kì í ṣe gbogbo ẹni tó ní òun ń ran ọmọ lọ́wọ́ ló ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ìyá ọmọ. Ní Èkó, nígbà ogun àgbáyé kejì, ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wẹ́fíà fún àwọn ọmọdé tó ń sùn ní ìgboro àti àwọn tó ń kiri ọjà. Òfin lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ jáde ní 1943. Nígbà tó di 1946, òfin tún jáde tí kò gba àwọn ọmọdébìnrin kéékèèké láàyè láti kiri ọjà. Ewu tí wọ́n rí kì í ṣe irọ́, àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé Èkó pẹ̀lú sì ti ń pariwo nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń fi owó orí àtẹ bọ́ ilé, tó sì gbà pé kíkiri ni ọmọ òun yóò fi kọ́ òwò, kò rí olùrànlọ́wọ́ nínú òfin yẹn, ọlọ́pàá ló rí. Ìkiri kò sì tán ní Èkó títí di òní. Mi ò sọ pé kí òfin má sí. A ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, ó sì dára. Ẹni tí yóò fi ẹsẹ̀ lọ bá ìdílé nílé ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn kò jókòó wo òyìnbó. Elizabeth Abímbọ́lá Awóliyì, obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dókítà ní Nàìjíríà, gba oyè ìmọ̀ ìṣègùn ní Dublin ní 1938, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní ilé ìwòsàn Massey Street ní Èkó láàárín àwọn ìyá àti ọmọ, títí ó fi di olórí ibẹ̀. Dublin náà ni Olíkóyè Ransome-Kuti, ẹ̀gbọ́n Fẹlá, ti kọ́ iṣẹ́ dókítà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Èkó dá ètò kan sílẹ̀ ní Gbàjà, Sùúrùlérè, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì láti máa tọ́jú ọmọ àti ìdílé láìdúró de dókítà. Ọgbọ́n Ìmẹ̀sí-Ilé nìyẹn, àárín ìgboro ni wọ́n gbé e wá. Nígbà tó di Mínísítà fún Ìlera ní 1985, gbogbo orílẹ̀-èdè ló fẹ́ gbé e fún: ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní gbogbo ìjọba ìbílẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára, fífún ọmọ lọ́mú, omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ṣì lè sọ iye ṣíbí ṣúgà àti ìwọ̀n iyọ̀ náà láìronú. Ó fi ipò sílẹ̀ ní ìparí 1992. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé ìlera wọ̀nyẹn lẹ́yìn náà kò dùn-ún sọ. Ẹni tó bá ti dé abúlé mọ ilé tí wọ́n kọ orúkọ sí lára tí ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì lọ́sàn-án gangan.

Káàdì náà ti rìnrìn-àjò jìnnà. Àjọ UNICEF fi wíwọn ọmọ ṣe ohun àkọ́kọ́ nínú ohun mẹ́rin tó polongo fún ìwàláàyè àwọn ọmọdé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ń lo irú káàdì bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò gbọ́ orúkọ Ìmẹ̀sí-Ilé rí.

Ní ọdún tó ń bọ̀ èmi náà yóò gba fọ́ọ̀mù JAMB. Ní kíláàsì sáyẹ́ǹsì, bí o bá ní o fẹ́ ṣe dókítà, gbogbo ènìyàn yóò ní kí Ọlọ́run ṣe é. Bí o bá ní nọ́ọ̀sì, tàbí òṣìṣẹ́ ìlera àwùjọ, wọ́n á bi ọ́ pé ṣé ọpọlọ rẹ kò gbé dókítà ni. Ṣùgbọ́n Osun State College of Health Technology wà ní Iléṣà, ìlú kan náà tí Morley ti bẹ̀rẹ̀, irú àwọn tí wọ́n sì ń kọ́ níbẹ̀ ni ètò Ìmẹ̀sí-Ilé fi dúró. Àwọn òbí mi kò tíì gbà. Bàbá mi ní owó oṣù wọn kéré, pé àwọn tó tilẹ̀ di nọ́ọ̀sì ń kó lọ sí ìlú òyìnbó, ó sì ń sọ òtítọ́. Èsì tí mo fún un ni pé bí gbogbo ẹni tó mọ̀wé bá ń sá fún iṣẹ́ yẹn, àwọn tó bá kù ni wọn yóò máa tọ́jú ọmọ wa. Ó ní òun yóò rò ó. Mo ti pinnu pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni n ó fi sí ipò àkọ́kọ́, ti ìlera àwùjọ ni mo sì fẹ́ yàn láàyò nínú rẹ̀.

Kí ìgbà yẹn tó dé, iṣẹ́ ìtàn kan ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé kọ́ òṣùwọ̀n ní Ìmẹ̀sí-Ilé ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn tó di òṣùwọ̀n mú ti dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí wọ́n bá ṣì wà. Ó yẹ kí ẹnì kan lọ bi wọ́n léèrè orúkọ wọn, ohun tí àwọn ìyá sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, àti bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ṣì ní káàdì kan nínú àpótí. Mo ti sọ fún olùkọ́ ìtàn wa. Ìlú náà kò jìnnà, ọjọ́ Sátidé kan sì tó.